Orin Tí Ọ̀gá Mi Fi Ń Ṣọ́ Áyọ́ọ̀nù

Ẹ jókòó dáadáa. Ọmọ àbúrò mi ló kó yín wá bá mi. Ó ní ẹ ti ra ẹ̀rọ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àwòrán sórí fíìmù, pé ẹ kàn máa ń dojú fíìmù ọ̀hún dé aṣọ ni, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó ká a kúrò, ó parí. Ó ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ téèyàn lè fi ayé ẹ̀ ṣe ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló sọ fún yín pé àwa ò lo fíìmù? Nígbà tí wọn ò tíì bí ìyá àwọn mìíràn nínú yín, èmi ti ń ká fíìmù kúrò lára tíṣẹ́ẹ̀tì l'Òkè-Ìléwó.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mo tàn yín: àwọn àgbà tó máa ń sọ ìtàn iṣẹ́ wọn fún ọmọdé, oyin ni wọ́n máa ń fi ra á. Èmi ò ní oyin lẹ́nu. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó já mi jẹ nínú ẹ̀, títí dòní kò tíì jinná. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ gbà kẹ́ ẹ wá.

Òwu la ti wá, ilé oníṣòwò, ilé mùsùlùmí. Ìyá mi ń rẹ aṣọ láró, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní Ìtòkú. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi máa ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn: "Aró tèmi kì í ṣí." Bí oníbàárà bá ń fọwọ́ pa aṣọ lójú, tó ń ṣiyèméjì, ìyá mi á gbé abọ́ omi fún un, wọ́n á tún fi ọṣẹ lé e. "Fọ igun kan wò. Bó bá ṣí, máa gbé aṣọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́." Mi ò rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni gbé aṣọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ìyá mi nìyẹn, orúkọ ilé wa sì ni.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ ò gùn. Sójà ń múra àtigbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú nígbà yẹn, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà. Bàbá mi rí tíṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ya àwòrán sí lára ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀la nìyí. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jósẹ́fù l'Òkè-Ìléwó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́rin, ó tán. Ẹ má bi mí ní èló ni wọ́n san.

Ẹ ó gbọ́ tí mò ń pe Ọ̀gá ní "ó". Bàbá mi "wọ́n" ni, ìyá mi "wọ́n" ni. Ọ̀gá Jósẹ́fù, "ó" ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó mọ ìdí ẹ̀.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ọ̀gá, ẹgbẹ́ akọrin ló wà. Bàbá mi ti mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí mo lọ, wọ́n pè mí jókòó. "Sìdíkátù, èèyàn dáadáa lọ̀gá ẹ, iṣẹ́ la bá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, má bá a kọ ọ́. Fátíhà ni kó o máa kà nínú ọkàn ẹ."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá." Mo sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ẹ rí i, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí láyé ìgbà yẹn. A ní férémù onígi tí a na aṣọ sílíìkì sí, síkírìnì la ń pè é. Ọ̀gá á ya àwòrán sí i, a ó fi ọ̀dà gbá a kọjá sórí fíìmù, tí gbogbo ẹ̀ á wà ní òdìkejì bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Bí ọ̀dà bá gbẹ díẹ̀, a ó dojú fíìmù dé aṣọ, a ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Iná á mú kí ọ̀dà kúrò lára fíìmù, kó wọnú òwú. A ó jẹ́ kó tutù, a ó ká fíìmù, àwòrán á wà lára aṣọ. Gbogbo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ kò ju bí áyọ́ọ̀nù ṣe máa pẹ́ tó lórí fíìmù lọ. Bó bá pẹ́ jù, aṣọ á jó. Bí kò bá pẹ́ tó, àwòrán á lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ lásán, á máa dán, á máa tàn ọ́ jẹ, kò sì ní wọnú.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú la fi bẹ̀rẹ̀. Méjì ni. Ọ̀kan á wà lórí aṣọ, èkejì á wà lórí iná. Ọdún kìíní, síkírìnì ni mò ń fi kẹrosíìnì fọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Bí mo bá fẹ́ jẹun nílé, ìyá mi á ní òórùn kẹrosíìnì lòun ń gbọ́ lórí ẹ̀bà. Ọdún kejì, mò ń fẹ́ná. Ọdún kẹta, mò ń dúró níwájú Ọ̀gá, mò ń fa etí aṣọ kó má bàa kákò nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Áyọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá kì í nà wá. Ìbá sàn kó nà mí. Bí mo bá ba nǹkan jẹ́, á ní kí n gbé e lórí, kí n jáde lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí báńkì á máa wò mí. Kò ní sọ̀rọ̀. Á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ nínú ilé, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níta. Nígbà tó bá wù ú, á ní, "Wọlé."

Kò sì fẹ́ ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan mo gba ara mi níyànjú, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o ò lójú ni?"

"Mo lójú sà."

"Máa wò nígbà náà."

Mo wò títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Mo wo ọwọ́ ẹ̀, mo wo èéfín, mo wo bí fíìmù ṣe ń wú. Mi ò rí nǹkan kan. Ohun tó máa ń ṣe ni pé bó bá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé fíìmù, á di ojú díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin. Orin kan náà ni, ẹsẹ kan péré, ó lọ́ra bí ẹni tó ń gun òkè. Bó bá dé Àmín, á gbé áyọ́ọ̀nù. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ ò rí olùfọkànsìn, ẹni tó ń fi ìyìn Ọlọ́run ṣiṣẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ Fátíhà nínú ọkàn mi, wàràwàrà, kí orin ẹlẹ́sìn mìíràn má bàa ráyè jókòó sí mi lọ́kàn. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé Àmín tiẹ̀.

Ọdún kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó ku oṣù méjì kí n gba fírídọ̀mù, kí Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán. Ìyá mi ti rẹ aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ń sọ fún gbogbo Ìtòkú. Ìgbà yẹn ni Àlàájì Ràímì kú ní àdúgbò wa.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Obì ni wọ́n ń tà. Láti kékeré mi, bí mo bá gba iwájú ilé wọn kọjá, wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fún mi ní dáńkúwà. Àwọn ọmọ wọn ní àwọn fẹ́ kí gbogbo ọmọ-ọmọ wọ tíṣẹ́ẹ̀tì funfun tí àwòrán Àlàájì wà níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́. Èmi ni wọ́n bá sọ ọ́. Inú mi dùn! Èmi ni mo gbé iṣẹ́ náà wá fún Ọ̀gá. Ó yà á dáadáa, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Láwàní Àlàájì, irùngbọ̀n wọn, eyín kan tó máa ń yọ síta bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ pé sórí fíìmù.

Ọ̀sẹ̀ tí a máa tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gá láti oko pé ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó kó aṣọ sínú báàgì. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Sìdí, tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ ẹ."

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó lórí ẹ̀ sà?"

"Ọdún mẹ́rin lo ti ń dúró níwájú mi. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, o ti mọ̀ ọ́n. Bó ò bá tíì mọ̀ ọ́n, kí ni màá tún sọ?" Ló bá lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi kúrò lọ́jà, ó tún mọ̀ pé orí ọmọ máa wọ́.

Èmi nìkan wà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. Mo ro ó títí, mo ní èèyàn mi ni Àlàájì, kò yẹ kí n tẹ ojú wọn lásán. Mo ní aṣọ kan, Fátíhà kan. Bí mo bá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé e, màá ka Fátíhà sí ọkàn Àlàájì. Bí mo bá ti ṣe Àmín, màá gbé e. Ọ̀gá náà ń gbé tiẹ̀ lórí Àmín, àbí? Bí mo ṣe ro ó nìyẹn. Mo tẹ ẹyọ kan, mo jẹ́ kó tutù, mo ká fíìmù. Háà! Àlàájì yọ sí mi kedere, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn ń dán. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Mo tẹ gbogbo ìyókù bẹ́ẹ̀, tàdúràtàdúrà.

Ìyá mi yà kí mi lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n gbé ọ̀kan sókè, wọ́n ní, "Sìdí! Àlàájì náà rèé!" Wọ́n fọwọ́ pa á. Ojú wọn wá yí padà díẹ̀. "Ṣé kì í ṣí?"

"Ìyá, ọmọ yín mà ni mí."

"Mo mọ̀. Gbé omi wá, ká fọ igun kan wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, èyí kì í ṣe aró. Ẹ má jẹ́ ká fi omi ba aṣọ tuntun jẹ́." Ìgbéraga ni. Abọ́ omi kan péré ni ìyá mi ní kí n gbé wá, abọ́ omi kan péré.

Lọ́jọ́ Àìkú, oòrùn ràn láàárọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ Àlàájì tò gbọọrọ láti ilé dé mọ́sáláṣí, aṣọ wọn funfun, ojú baba wọn níwájú àyà wọn. Àwọn èèyàn ń bi ìyá mi pé ṣé òótọ́ ni pé Sìdí ló ṣe é. Ìyá mi ń dáhùn, ẹnu wọn ò pa dé. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí ni òjò dé. Kì í ṣe òjò tó le. Ó kàn rọ̀ tó láti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ ara.

Ọmọ kékeré kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Bàbá àgbà ń ṣí!" Ó fi èékánná bó o, imú Àlàájì sì tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kí àwọn àgbà tó lè pariwo, gbogbo wọn ti ń bó o. Àwòrán ń wó lára aṣọ bí awọ ejò. Láwàní já bọ́, irùngbọ̀n já bọ́. Ó ń bọ́ sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, àwọn tó ń sá fún òjò sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Ìyàwó àgbà Àlàájì jáde wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òjò, wọ́n ń ṣa ojú ọkọ wọn nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, wọ́n ń kó o sínú ìborùn. Wọ́n ṣa á títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ta ló ṣe irú èyí sí wa?"

Kò sẹ́ni tó wò mí. Ìyá mi ni gbogbo wọn wò.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ Àlàájì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ti dé. Bàbá mi wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò sí nílé. Ọmọ yín ni. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

Mo ní, "Ọ̀gá, mo bi yín bó ṣe máa pẹ́ tó sà. Ẹ ò sọ fún mi."

Ó na ìka sí mi. "Ọdún mẹ́rin! Ojú lo fi ń wò, o ò fi etí gbọ́!"

Mo rò pé àìgbọràn ló ń bá mi wí. Bàbá mi náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì. Mo tọrọ ẹ̀. Ìyá mi, obìnrin tí wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni rí nítorí ọjà, kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gba fírídọ̀mù ọmọ yìí. Ẹ fi ọdún kan lé e." Ó ní òun ò lè fọwọ́ sí ìwé ẹni tó ba òun lórúkọ jẹ́. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ tó ń kọ orin ẹ̀.

Ìwé náà ni mi ò gbà títí dòní. Ìyẹn ò dùn mí tó ti ìyá mi. Wọn ò bá mi jà, wọn ò gbé mi ṣépè. Àmọ́ ní Ìtòkú, àwọn oníbàárà tó máa ń gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè omi kí ìyá mi tó fi lọ̀ wọ́n. Omi dé, aṣọ ò ṣí, wọ́n ń rà á. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò sọ "Aró tèmi kì í ṣí" mọ́. Wọ́n kú láìtún un sọ.

Mo sá lọ sí Múṣin. Mo ríṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ oníná, àkọ́kọ́ tí mo máa rí. Ó ní pákó nísàlẹ̀, ó ní irin gbígbóná lókè, èèyàn á fà á dé bí ẹni ń pa àpótí dé. Ó ní aago kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àkókò bá pé, á dún gbàgàdà. Ọkùnrin náà ní, "Fi aṣọ sí i, pa á dé. Bó bá dún, ṣí i. Ẹni tó bá mọ aago gbọ́, ó ti mọ iṣẹ́." Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí mo débẹ̀, ó ti sọ ohun tí Ọ̀gá Jósẹ́fù fi ọdún mẹ́rin há mọ́ inú.

Mo pa á dé. Mo dúró. Etí ò ní ìdérí, ẹ̀yin ọmọ. Gbogbo Fátíhà tí mo kà fún ọdún mẹ́rin, orin náà ti gba abẹ́ ẹ̀ wọlé. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn fíìmù tó ń gbóná, orin Ọ̀gá gbéra nínú orí mi fúnra ẹ̀, bó ṣe ń lọ́ra, bó ṣe ń gòkè. Bó ṣe dé Àmín, aago dún.

Mo ní irọ́ ni. Mo fi aṣọ mìíràn sí i. Àmín, aago dún. Mo ṣe é títí ọ̀gá tuntun fi ní kí ló ń ṣe mí. Mo jáde lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kì í ṣe ìyìn Ọlọ́run. Aago ni. Aago ni Ọ̀gá Jósẹ́fù ń kọ lójú mi lójoojúmọ́, tó ń ní kí n máa wo ọwọ́ òun!

Kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi náà: mo jẹ̀bi. Àbá tí bàbá mi dá ló dí mi létí, ìgbéraga mi ló sì lé omi ìyá mi sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo, "Máa gbọ́ orin," ìbá gba Àlàájì lọ́wọ́ ẹrẹ̀.

Nígbà tí sójà tún ti gbàjọba, mo padà wálé. Mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Adígbẹ́, n kò ní ìwé kankan lára ògiri. Ayé le. Wọn ò jẹ́ kí ọjà òkèèrè wọlé bó ṣe yẹ, fíìmù wọ́n, à ń fọ ọ̀kan lò lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fi áyọ́ọ̀nù oníná ṣe é, nígbà tó yá mo rí ẹ̀rọ àlòkù kan rà. Aago ẹ̀ ti bàjẹ́. Mi ò tún un ṣe. Mo ti ní aago.

Mo pàdé Ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan ní Kútọ̀. Ó ti gbẹ. Ìkúnlẹ̀ ò ti ara mi wá mọ́, mo kàn tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ káàsán sà."

"Sìdí. Mo gbọ́ pé ò ń tẹ̀ ẹ́."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́ sà."

"Ó ń ṣí?"

"Kò ṣí mọ́ sà. Mo ti gbọ́ orin."

Ó wo ilẹ̀. Mò ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan péré. Ó yọ fìlà, ó tún un dé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọdún kejì sí i ló kú. Ìyàwó ẹ̀, Ìyá Dáre, wá bá mi ní Adígbẹ́, fọ́tò wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ fẹ́ wọ tíṣẹ́ẹ̀tì tí àwòrán bàbá wọn wà lára ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, àwọn tó ń ṣe é pọ̀ l'Òkè-Ìléwó mà."

"Òun ló ní ìwọ ni. Lórí ibùsùn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ òun àfi Sìdí. Ó ní ìwọ nìkan lo mọ orin náà."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Wọ́n jókòó. "Ọmọ iṣẹ́ kan wà ṣáájú ẹ. Gbogbo ẹ̀ ni Ọ̀gá ẹ sọ fún un. Ó gba fírídọ̀mù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọjú sí tiwa, ó kó gbogbo oníbàárà. Àtìgbà náà ni Ọ̀gá ẹ ti ń fi orin bo ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀."

"Èmi kọ́ nìyẹn mà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo sọ fún un nígbà náà."

Mo gba fọ́tò. Mo ya á, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù, mo dojú ẹ̀ dé aṣọ àkọ́kọ́, mo pa ẹ̀rọ dé. Mo bẹ̀rẹ̀ orin nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo dé àárín, ọwọ́ mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo fẹ́ ṣí i. Mo fẹ́ kí òjò kan rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí imú ẹ̀ já bọ́, kí Ìyá Dáre bẹ̀rẹ̀ máa ṣa á. Ibẹ̀ ni mo bá ara mi dé, mo rí ìyàwó Àlàájì tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí ìyá mi tí gbogbo ayé ń wò. Aṣọ wo ló ṣẹ mí? Mo la ẹnu, èmi Sìdíkátù ọmọ mùsùlùmí, mo kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì náà síta, mo kọ ọ́ dé Àmín, kí n tó ṣí i. Bí mo ṣe tẹ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó tutù, mo gbé omi, mo gbé ọṣẹ, mo fọ igun kan. Kò ṣí.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n bá dé ni mo ti ń sọ fún wọn: ẹ ka ení dé ọgbọ̀n, ẹ má sáré. Méjì nínú wọn ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n sì kó oníbàárà mi. Ó dùn mí. Kí ó dùn mí. Ẹ̀yin náà, ọ̀gá tí ẹ bá bi ní ìbéèrè tó bá ní kẹ́ ẹ máa wò, ẹ kó ẹrù yín.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá mo ti dárí jì í. Rárá. Mi ò ní fi òkú purọ́.

Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn tó kú, mo lọ kí Ìyá Dáre, ara wọn ò yá. Òjò ti rọ̀, ẹsẹ̀ mi kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n tẹ́ èkísà kan sẹ́nu ọ̀nà kí àlejò fi nusẹ̀. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé e, mo rí ojú. Ọrùn aṣọ ti já, apá ẹ̀ ti ya, àwọ̀ funfun ẹ̀ ti di ti ilẹ̀. Ọ̀gá Jósẹ́fù wà láàárín ẹ̀, imú ẹ̀ pé, fìlà ẹ̀ pé, ó ń wò mí.

Ìyá Dáre rí ibi tí mò ń wò. Wọ́n ní, "Sìdí, ọwọ́ ẹ dáa o. A fọ̀ ọ́ títí aṣọ fi gbó, kò ṣí."

Mo wá igun kan tí ojú ẹ̀ ò dé, mo nu ẹsẹ̀ mi síbẹ̀, mo wọlé.